Bàbá Sólómọ́nì àti Ìyàwó Rẹ̀ Òjòwú

Títí di òní, tí àwọn ọmọ ìgbà yẹn bá pàdé ara wọn, tí àwọn náà sì ti ń tọ́ ọmọ tiwọn báyìí, ọ̀rọ̀ àpótí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni. Bàbá Sólómọ́nì, káfíńtà, jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn ọmọdé sì yí i ká lórí èérún pákó bí òròmọdìẹ. Àpótí ìjókòó kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì Bàbá gan-an ló sì wà, débi pé orúnkún ẹni tó bá jókòó lé e á máa kan ti Bàbá. Ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì ní òun lòun kọ́kọ́ dé. Ọmọkùnrin télọ̀ ní irọ́ ni, òun ti fi bàtà òun lé e kí òun tó lọ mu omi. Wọ́n fà á síbí, wọ́n fà á sọ́hùn-ún.

Bàbá Sólómọ́nì gbé ọwọ́ sókè. Ojú rẹ̀ tàn yanran, torí pé irú ọjọ́ yìí gan-an ló ti ń retí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló sọ ìtàn àwọn obìnrin méjì tó ń du ọmọ kan ṣoṣo níwájú ọba fún wọn, tí ọba ní kí wọ́n mú idà wá kí wọ́n la ọmọ náà sí méjì, tí ìyá tó lọ́mọ sì figbe ta pé kí wọ́n kúkú gbé e fún ìkejì òun.

"Ẹ gbé ayùn wá," ni ó wí.

Wọ́n gbé ayùn wá. Ó gbé àpótí lé orí bẹ́ǹṣì, ó fi eyín ayùn lé e láàárín.

"Ó dáa. Màá gé e sí méjì. Ìwọ á mú apá kan, ìwọ náà á mú apá kan." Ó dúró. Ó ń wo ojú ọmọ nọ́ọ̀sì, ó ń wo ojú ọmọ télọ̀, ó ń wá ẹni tí ẹkún máa kọ́kọ́ gbọ̀n.

"Ẹ gé e," ni ọmọ nọ́ọ̀sì wí.

"Ẹ gé e, Bàbá," ni ọmọ télọ̀ wí.

Bàbá húkọ́. "Bóyá ọ̀rọ̀ mi ò yé yín. Tí mo bá gé e, kò ní í ṣeé jókòó lé mọ́ o."

"Ó yé wa. Ẹ gé e."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí ọmọ nọ́ọ̀sì, ó rọra ní, "Ibi tó yẹ kó o ti sunkún rèé."

"Mi ò sunkún!" ni ọmọ náà pariwo. "Ẹ gé e, kí òun náà má bàa rí i jókòó lé!"

Bàbá Sólómọ́nì kì í sì í ṣe ẹni tí í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó fa ayùn síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ìyẹ̀fun pákó bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀. Àfi bí igbe ṣe ta láti ojú fèrèsé ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù: "Ẹ má gé e o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ gbé e fún, ẹ má ṣáà ti gé àpótí mi!"

Ìyàwó rẹ̀ ni. Àpótí ilé ìdáná rẹ̀ ni Bàbá ti gbé jáde láìtọrọ.

Bàbá Sólómọ́nì sọ ayùn sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí fèrèsé, omi ayọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ni ó wí, "ẹ wo ìyá tó lọ́mọ!"

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ títí. Màmá Tíṣà, ìyẹn ìyàwó rẹ̀, ti fèrèsé pa gbà. Àpá tó wà lára àpótí kọ́ ló dùn ún. Pàtẹ́wọ́ yẹn ló dùn ún.

Nítorí òun ló ni àwọn ọmọ yẹn. Òun ni olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú títí tó fi funfun. Inú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń kọ́ wọn, níbi tí ìjókòó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí ilẹ̀ sì ń dán. Á fi ṣọ́ọ̀kì kọ àkọlé sójú pátákó, á fàlà sí i nídìí. Á ka ìtàn. Á wá kọjú sí wọn, á béèrè pé, "Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́?" Àwọn ọmọ á ní, "Ká máa gbọ́ràn sí àwọn òbí wa lẹ́nu." Ìtàn yòówù kó jẹ́, ìdáhùn wọn nìyẹn. Wọ́n ti fi dáhùn ìtàn ọkọ̀ Nóà rí. Wọ́n ti fi dáhùn ìtàn Jónà àti ẹja.

Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Tó bá ti gbé ìfági, ó di kó ṣú kó tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Nínú ilé, gbogbo ohun tó ń tẹnu rẹ̀ jáde kò ju "Ṣé ó ti jinná?" àti "Ta ló ṣílẹ̀kùn sílẹ̀?" lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí ti dàgbà tí wọ́n ti lọ sílé kálukú wọn, ilé náà dákẹ́ débi pé Màmá Tíṣà máa ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Ó ti bẹ ọkùnrin náà títí pé kó máa bá òun tàkúrọ̀sọ tí wọ́n bá ń jẹun. Ọkùnrin náà á ní, "Kí ni kí n sọ?" Ó parí nìyẹn.

Ọjọ́ kan ni ẹsẹ̀ Màmá Tíṣà yọ̀ lórí àkàsọ̀ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Dókítà dì í gbagidi, ó ní kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ gba àwọn ọmọ náà mọ́ra. Ló bá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ṣáà bá mi jókòó tì wọ́n," ni ó wí. "Kí wọ́n má ba nǹkan jẹ́ ni. Ẹ ka ìtàn ọba Sólómọ́nì fún wọn. Mo ti fàlà sí ibi tẹ́ ẹ máa kà."

"Mi ò lè jókòó kí n máa ranjú," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Kí wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ mi á máa rí nǹkan ṣe."

Ṣọ́ọ̀bù náà kọjú sí fèrèsé yàrá tí Màmá Tíṣà dùbúlẹ̀ sí. Kò sí nǹkan kan tí yóò bọ́ sẹ́yìn etí rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé tí baba yìí bá kà á tó sì sú wọn, òun á rí i pé wọ́n ń ṣàárò òun.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ohùn kan tí kò mọ̀ rí. Ohùn náà ń ti imú jáde, ó ń pàṣẹ, ó ní kí wọ́n lọ gé igi kédárì wá fún òun láti orí òkè. Ohùn mìíràn, tó wúwo, dá a lóhùn pé, "Kábíyèsí, igi yẹn tóbi." Lẹ́yìn náà ni nǹkan wó lulẹ̀ gbì, àwọn ọmọ ké yèèè. Màmá Tíṣà fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè, ó na ọrùn. Ọkọ rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ gbalaja nínú èérún pákó. Òun ni igi kédárì.

Ọkùnrin tó ní òun ò rí nǹkan sọ!

Inú bí obìnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ẹni tó yẹ kóun bínú sí. Ó ń jowú ọkọ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ. Nígbà tó tún ronú sí i, ó rí i pé òun ń jowú àwọn ọmọ náà nítorí ọkọ òun. Owú méjì nínú àyà kan, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán.

Ibẹ̀ ni orúkọ Bàbá Sólómọ́nì ti ṣẹ̀. Ọkùnrin náà kò bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Sólómọ́nì, àwọn ọmọdé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àlùfáà tilẹ̀ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, ó fi ṣàwàdà pé, "Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni bàbá Sólómọ́nì, a jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni Dáfídì."

"Ó tì o," ni káfíńtà wí, kò sì rẹ́rìn-ín. "Dáfídì ò mọ nǹkan kan nípa igi."

Ìtàn tẹ́ḿpìlì ni kò jẹ́ kó tán bọ̀rọ̀. Ibi tí Màmá Tíṣà máa ń kà kọjá kíákíá ni ọkọ rẹ̀ jókòó lé bí ẹni tó jogún ibẹ̀. Ó lo ọjọ́ Ìsinmi kan lórí òrùlé. Ó lo òmíràn lórí ògiri. Nígbà tó dé orí ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ ń wá, wọ́n ń lọ, ilẹ̀kùn náà ni wọ́n ṣì ń bá. Ó ní kí kálukú wọn fọwọ́ pa pákó gbígbẹ, kí wọ́n fọwọ́ pa pákó tútù, kí wọ́n sọ èyí tí ọba máa mú.

"Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́?" ni ó béèrè lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, torí ìyàwó rẹ̀ ti kì í nílọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fo ìbéèrè yẹn.

"Kéèyàn má fi pákó tútù ṣe ilẹ̀kùn!" ni gbogbo wọn hó.

Màmá Tíṣà yọrí lójú fèrèsé. "Ìwà ńkọ́? Ẹ̀kọ́ ìwà ni mo ní kẹ́ ẹ kọ́ wọn!"

"Ìwà náà ni mo ń kọ́ wọn, Tíṣà," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ẹni tó mọ̀ pé pákó tútù máa wọ́, tó wá fi kan ilẹ̀kùn fún ẹlòmíì, kí la ń pe irú wọn?"

"Olè!" ni àwọn ọmọ wí.

Màmá Tíṣà fa orí sẹ́yìn. Ó bínú sùn.

Ẹsẹ̀ jinná. Màmá Tíṣà gbálẹ̀ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó fọ pátákó, ó mú ṣọ́ọ̀kì tuntun, ó sì jókòó, ó ń retí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó retí títí. Nígbà tó yá, ọmọ àlùfáà nìkan ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí gúlegúle.

"Ọmọ mi, wọlé," ni Màmá Tíṣà wí, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. "Àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn?"

"Rárá, Màmá. Wọ́n ní kí n wá kí yín pé ẹ kú ìtọ́jú ẹsẹ̀," ni ọmọ náà wí, ló bá sáré padà kí ìtàn má bàa fò ó.

Ó wá pinnu pé òun ò ní í gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jí, ó po ìyẹ̀fun, ó yan bisikíìtì, ó gbé àwo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò. Àwọn ọmọ dé lóòótọ́. Wọ́n tò, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́, kálukú gba tirẹ̀, wọ́n sì yí padà. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ wọlé, ó ń nu ẹnu.

"Tíṣà," ni ó wí, "àwọn ọmọ yẹn fún mi ní bisikíìtì kan lónìí. Ṣé o mọ ẹni tó ṣe é? Onítọ̀hún mọ̀ ọ́n ṣe o!"

Èyí tó wá burú jù ni ti ayaba Ṣébà. Bàbá Sólómọ́nì sọ bí obìnrin náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ràkúnmí, bó ṣe ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó tẹ òun, bí ọrùn rẹ̀ ṣe rí, bó ṣe gbé àgbọ̀n sókè bi Sólómọ́nì ní ìbéèrè tí kò sì fẹ́ kó rí dáhùn. Ó sọ ọ́ débi pé télọ̀ tó wá mú ọmọ rẹ̀ dúró gbọ́ ọ parí. Màmá Tíṣà, tó ń ká aṣọ gbígbẹ lórí okùn, dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Níbo lẹ ti mọ obìnrin yẹn?" ni ó béèrè nígbà tí wọ́n jókòó oúnjẹ.

"Obìnrin wo?"

"Ẹni tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Bíbélì ò sọ bó ṣe ń rìn. Bíbélì ò sọ̀rọ̀ ọrùn. Ẹ ti rí i níbì kan."

Ọkọ rẹ̀ jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó mumi, ó dìde. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò rọrùn nínú ilé náà. Ó di ìgbà tí ọmọ nọ́ọ̀sì pàdé Màmá Tíṣà níbi ẹ̀rọ omi, tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sókè sódò.

"Kí lò ń wò?"

"Bàbá ní bí ayaba Ṣébà ṣe ń rìn ni ẹ ṣe máa ń rìn kẹ́ ẹ tó kán lẹ́sẹ̀," ni ọmọ náà wí. "Mo ń wò ó bóyá ó ti ń padà bọ̀ ni."

Màmá Tíṣà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì rìn lọ sílé. Àwọn tó rí i sọ pé ó fi gbogbo agbára rìn ín.

Ṣùgbọ́n owú kì í kú nítorí ọ̀rọ̀ dídùn kan. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún bà jẹ́: kí ló dé tó jẹ́ àwọn ọmọ ló sọ ọ́ fún? Kí ló dé tí òun ní láti gbọ́ ọ níbi ẹ̀rọ omi?

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan ṣe wáyé, tí kò sí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ náà tó fi ṣe ẹlẹ́yà títí di òní.

Màmá Tíṣà ti ṣàkíyèsí pé ọkọ òun kì í dé ìparí ìtàn. Tó bá ti di pé Sólómọ́nì fẹ́ máa darúgbó, á padà síbi tẹ́ḿpìlì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pe Bàbá lọ tún ilẹ̀kùn kan ṣe, àwọn ọmọ sì ń dúró dè é ní iwájú ilé. Màmá Tíṣà jáde sí wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ Sólómọ́nì láàárín ara wọn, bó ṣe gbọ́n, bó ṣe dáa.

"Ṣé Bàbá ti sọ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ fún yín?" ni ó béèrè.

"Ìgbẹ̀yìn wo, Màmá?"

Ó sọ ọ́ fún wọn. Ó fi ìka kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: pé ó fẹ́ ìyàwó rẹpẹtẹ láti ilẹ̀ àjèjì, pé wọ́n yí ọkàn rẹ̀ padà, pé ó kọ́lé fún òrìṣà wọn, pé Ọlọ́run bínú sí i, tí ìjọba náà sì ya mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́?" ni ó wá béèrè.

Ọmọ nọ́ọ̀sì, tó ní òun ò ní í sunkún nítorí àpótí, ń sunkún.

Bí Bàbá ṣe ń bọ̀ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká ni wọ́n yí i ká.

"Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé Sólómọ́nì kọ́lé fún òrìṣà?"

"Ta ló sọ fún yín?"

Gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo àwọn ọmọ. "Òótọ́ ni. Mi ò tíì débẹ̀ ni."

"Ẹ ò tíì débẹ̀?" ni ọmọ télọ̀ wí. "Bẹ́ẹ̀ ẹ ti sọ ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì!"

Wọ́n túká lọ sílé. Bàbá Sólómọ́nì wọlé, ó jókòó, kò béèrè bóyá oúnjẹ ti jinná.

"O pa ọ̀rẹ́ mi lójú àwọn ọmọ," ni ó wí.

"Èmi kọ́. Inú Bíbélì ló wà."

"Mo mọ̀ pé inú Bíbélì ló wà. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa ná. Tí wọn ò bá fẹ́ràn rẹ̀, tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ṣubú, wọ́n á kàn sọ pé ó tọ́ sí i ni. Kí wá ni wọ́n fẹ́ kọ́ níbẹ̀?"

Màmá Tíṣà dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kì í ṣe nítorí òtítọ́ lòun fi sọ ọ́. Òun kàn fẹ́ kí nǹkan kan wà tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu òun kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni. Jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ìró ìfági nìkan ló ń ti ṣọ́ọ̀bù wá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ wá, àmọ́ wọn ò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n rọ̀ mọ́, wọ́n ṣe ojú kókó. Bàbá kò mú irinṣẹ́ kankan dání. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ó ní ọba náà ti ń darúgbó. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ni, ó jókòó, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, ara sì ń ro ó. Ìyàwó rẹ̀ kan wá bá a, ó ní kó bá òun kọ́ ilé kan fún òrìṣà òun, kékeré báyìí, kò sí ẹni tó máa rí i. Ó ní ọba kọ̀. Obìnrin náà dákẹ́ sí i. Ìkejì rẹ̀ náà dákẹ́ sí i. Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ni ọba bá dìde, ó mú okùn ìwọ̀n, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ilẹ̀. "Ọwọ́ kan náà tó fi wọn ilẹ̀ tẹ́ḿpìlì," ni Bàbá wí, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó ń wò ó.

"Ṣé ó mọ̀ pé kò dáa?" ni ọmọ télọ̀ béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó mọ̀. Ẹni tó gbọ́n tó yẹn, báwo ni kò ṣe ní í mọ̀?"

"Kí ló dé tó wá ṣe é?"

"Ó rẹ̀ ẹ́. Kò fẹ́ kí wọ́n máa bínú sí òun nínú ilé." Bàbá nu ojú. "Ọlọ́run ò gba ọgbọ́n rẹ̀ padà o. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ní òun á mú un lọ́la. Ẹ̀yin ọmọ mi, tó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín. Ẹ má torí pé ó rẹ̀ yín sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí ohun tẹ́ ẹ mọ̀ pé kò dáa."

Wọ́n ti wọlé sí ṣọ́ọ̀bù láìmọ̀, wọ́n ti jókòó. Ọmọ nọ́ọ̀sì gbé orí lé orúnkún Bàbá. Lójú fèrèsé, omi ń dà lójú Màmá Tíṣà wàràwàrà. Ó sunkún tẹ́rùn kí ọ̀rọ̀ kan tó gún un láyà: ìtàn tèmi nìyẹn, ó tún sọ ọ́ dáa jù mí lọ!

Ó ju ìborùn lé èjìká, ó sọdá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọkọ ẹni níwájú ọmọdé.

"Ẹ fo orúkọ wòlíì," ni ó wí níkẹyìn. "Wòlíì wà níbẹ̀ tó fa aṣọ ya."

Ọkọ rẹ̀ sún lórí bẹ́ǹṣì. "Tíṣà, wá jókòó kó o sọ ọ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti jọ ń kọ́ wọn. Bàbá á sọ̀tàn, Màmá á já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ibì kan ò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá á bi í pé ṣé ó wà níbẹ̀ ni. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ kí ìjà wọn parí. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé orí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ìyàwó Sólómọ́nì, ọmọ àlùfáà béèrè bí ọba ṣe ń rántí orúkọ gbogbo wọn.

"Kò rántí," ni Bàbá wí. "Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹyọ kan ni mo ní, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ ló ń tún ṣe. Ká ní Sólómọ́nì ní irú rẹ̀ kan ṣoṣo péré ni, kì bá ti ṣubú."

Màmá Tíṣà ní irọ́ ni, kò sí nínú Bíbélì. Àmọ́ nígbà tí oúnjẹ dé lálẹ́, ẹran inú àwo Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ ju oúnjẹ lọ, kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ikọ́ ló mú Bàbá Sólómọ́nì mọ́lẹ̀ ní àsìkò òjò kan, kò sì jẹ́ kó dìde mọ́. Dókítà ní kó má máa sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Dókítà," ni Màmá Tíṣà wí, "ẹ̀ bá ti wá nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ẹ̀ bá rí aláìsàn tó ń gbọ́ràn."

Àwọn ọmọ ń wá dúró lẹ́yìn fèrèsé, Bàbá á gbé ọwọ́ sí wọn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kú, nígbà tí òjò dá, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń kàwé fún un. Ìgbà tí kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ó ń kà á yára jù ni obìnrin náà tó gbójú sókè.

Lẹ́bàá sàréè, àwọn ọmọ ò jẹ́ kó rọrùn. "Èmi ló fẹ́ràn jù," ni ọmọ nọ́ọ̀sì ń wí láàárín ẹkún. "Irọ́ lò ń pa, èmi ni," ni ọmọ télọ̀ dáhùn. Ọmọ àlùfáà ní òun ló ń fún ní èérún pákó tó ká roboto. Ó kù díẹ̀ kí Màmá Tíṣà, tòun ti aṣọ dúdú lọ́rùn, bá wọn dá sí i.

Nígbà tó gbé ara nílẹ̀, ó ṣí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wọn wá, kò sì sí ẹni tó rán wọn. Wọ́n jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n dákẹ́ bí kò ti yẹ kí ọmọdé dákẹ́. Ó kọ àkọlé, ó fàlà sí i nídìí, ó sì kà á fún wọn bí Sólómọ́nì ṣe sùn lóru, tí Ọlọ́run yọ sí i lójú àlá, tó ní kó béèrè ohun tó bá fẹ́.

Ọmọ télọ̀ na ọwọ́ sókè díẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Kí ni?" ni Màmá Tíṣà béèrè.

"Ẹ má bínú, Màmá. Kò tètè sùn. Bàbá ní ibùsùn rẹ̀ ń dún kẹ̀ǹkẹ̀, kẹ̀ǹkẹ̀. Tó bá yí sọ́tùn-ún, á dún. Ó ti yí títí, ó ti fẹ́ dìde kó lọ wá òòlù, kí oorun tó wá gbé e lọ."

Màmá Tíṣà la ẹnu láti sọ pé kò sí nínú Bíbélì. Kò gbọ́ ìyẹn rí. Bóyá ọjọ́ tó lọ sọ́jà ni, bóyá ọjọ́ tó bínú ti fèrèsé pa. Ìtàn kan wà lẹ́nu ọkọ rẹ̀ tí ó sọ tí òun ò sí níbẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ kékeré wọ̀nyí ló sì wà. Owú náà dìde nínú rẹ̀ bó ti máa ń dìde, ó gbóná, ó sì dùn ún wọnú eegun. Ta ló mọ iye irú rẹ̀ tó tún kù lọ́dọ̀ wọn?

Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó wá sí iwájú, ó ní kí ọmọ nọ́ọ̀sì sún fún òun, ó sì jókòó sáàárín wọn.

"Ta ló kan ibùsùn náà," ni ó béèrè, "tó fi ń dún bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo wọn dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn kálukú wọn sì jọ ti Bàbá Sólómọ́nì díẹ̀díẹ̀.